Transístọ̀ Tí Wọ́n Ń Tẹ̀ Sórí Ọ̀rá

Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pín ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n pè ní Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà. Bí ẹ bá ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ ní Gbọ̀ngán, Ìkirè tàbí Àpòmù lásìkò yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ti gbé e lọ́wọ́ wò. Ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò ló kún inú rẹ̀. Àmọ́ gíláàsì ló wà lójú rẹ̀, gíláàsì àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kì í sì í rẹ́ pẹ́. Kí ló wá dé tí wọn ò fi ọ̀rá tó lágbára ṣe ojú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ọmọ lè ká a, kí ó kì í bọ inú báàgì, kí ó sì bọ́ sílẹ̀ láì fọ́?

Ẹ má rò pé torí kí a lè ríran kọjá ni. Ọ̀rá náà ń jẹ́ ká ríran kọjá. Ohun tó fa gíláàsì wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí ojú wa kò dé. Àwòrán tí a ń rí lójú irú ẹ̀rọ yìí jẹ́ àkójọ àmì tíntìntín tó ń tàn tó sì ń kú. Ẹ̀rọ tó bá ní àmì 1,024 ní ìbú àti 600 ní òòró ní àmì 614,400 lápapọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tún pín sí àwọ̀ mẹ́ta: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní súwíìṣì tirẹ̀ tó ń tan án, tó ń pa á. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó lé ní mílíọ̀nù 1.8. Súwíìṣì kékeré yìí ni wọ́n ń pè ní transistor. Transístọ̀ ni a óò máa pè é. Orí gíláàsì ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú ooru tó máa ń tó 300 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi á ti yọ́ kí ooru tó dé ibẹ̀.

Irú transístọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń fi íńkì tẹ̀ sórí ọ̀rá, tí kì í béèrè ooru gíga, tí bátìrì kékeré sì tó fún. Òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Títẹ̀ ẹ́ kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀ mọ́, kíká a náà kò ṣòro. Kí ó má béèrè iná púpọ̀ ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wá, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí jù.

Ẹ jẹ́ ká tò ó láti ìsàlẹ̀. Ohun gbogbo tó wà nílé wa pín sọ́nà mẹ́ta nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe sí iná mànàmáná. Bàbà, fàdákà àti alumíníọ́mù ń jẹ́ kí iná gba inú wọn kọjá fàlàlà. Agbaná la óò máa pe irú wọn. Rọ́bà, gíláàsì àti igi gbígbẹ kì í jẹ́ kí ó kọjá, adíná nìyẹn. Irú kẹta wà láàárín. Bí a bá fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, iná tó ń gba inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà tí a lè fi mú un gbà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní semiconductor. Agbaná-lábọ̀ ni a óò máa pè é níhìn-ín, òun sì ni wọ́n fi ń ṣe transístọ̀.

Nǹkan kan tún kù ká tó wọnú iṣẹ́. Ipá tó ń ti iná ni wọ́n ń fi volt wọ̀n, fóòtì lẹ́nu tiwa. Bátìrì rìmóòtù ẹyọ kan jẹ́ fóòtì 1.5, méjì jẹ́ 3. Bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ 12. Iná ìjọba tó ń wọ ilé yẹ kó jẹ́ bíi 230, lọ́jọ́ tó bá wù ú láti wá. Ẹ fi fóòtì 3 yẹn sọ́kàn.

Wàyí o, ẹ fojú inú wo Oríta Gbọ̀ngán kí wọ́n tó kọ́ afárá Bísí Àkàndé síbẹ̀, níbi tí ọ̀nà Òṣogbo ti yà lára ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Ẹ fi ọlọ́pàá adarí-ọkọ̀ kan síbẹ̀, irú èyí tí a ń pè ní yẹ́lò fífà nítorí àwọ̀ ẹ̀wù rẹ̀. Ọkọ̀ ti tò lẹ́yìn ara wọn láti apá Ìkirè wá. Bí kò bá ju ọwọ́ sí wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ. Bó bá ju ọwọ́, tírélà tó ru ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù á gbéra. Kò fara kan tírélà náà rárá. Agbára apá rẹ̀ kò tó ti kẹ̀kẹ́ Márúwá pàápàá. Ìjuwọ́ kékeré ló ń darí ìrìn ńlá.

Bí transístọ̀ ṣe rí nìyẹn. Ó ní ẹnu mẹ́ta. Iná ń gba ẹnu ìwọlé wọ̀, ó ń gba ẹnu ìjáde jáde, agbaná-lábọ̀ sì ni ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀. Ẹnu kẹta ni adarí. Láàárín adarí àti ojú ọ̀nà, wọ́n tẹ́ adíná pẹlẹbẹ kan, kí iná adarí má bàa dà sójú ọ̀nà. Bí adarí bá gba fóòtì, iná rẹ̀ kò ní kọjá, ṣùgbọ́n ipá rẹ̀ á la adíná já, á máa fa àwọn hóró iná jọ sí etí agbaná-lábọ̀, ọ̀nà á sì là. Bí a bá yọ fóòtì yẹn kúrò, àwọn hóró náà á tú ká, ọ̀nà á dí. Ọ̀nà lílà àti ọ̀nà dídí yìí náà ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀ tó fi ń ṣe gbogbo ìṣirò rẹ̀.

Oṣù Kejìlá ọdún 1947 ni transístọ̀ àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà. John Bardeen àti Walter Brattain ló ṣe é. Àwọn àti William Shockley, ọ̀gá ẹ̀ka wọn, ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956. Àwọn bàbá wa tó ń gbé rédíò kékeré lọ sóko kòkó mọ orúkọ náà dáadáa. Rédíò tó tóbi tó àpótí aṣọ ni wọ́n bá láyé. Nígbà tí transístọ̀ dé, rédíò di ohun tí a ń fi okùn gbé kọ́ èjìká.

Transístọ̀ inú fóònù yín lónìí, sílíkọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ṣe é. Inú yanrìn ni wọ́n ti ń yọ sílíkọ́ọ̀nù jáde. Ó yára, kì í tètè bàjẹ́, èmi ò sì ní bá a wí. Ṣùgbọ́n inú ooru ni ayé rẹ̀. Ó di Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 1,414 kó tó yọ́, àwọn iṣẹ́ kan tí wọ́n ń ṣe lára rẹ̀ sì ń béèrè ooru tó súnmọ́ 1,000. Èyí tí wọ́n ń tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì fún ojú tẹlifíṣọ̀n rọra gba ooru tó kéré, ìyẹn 300 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Síbẹ̀, ó pọ̀ jù fún ọ̀rá tí owó rẹ̀ kò ga.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí fóònù tó ń ṣẹ́ po ti wà. Òótọ́ ni. Samsung gbé Galaxy Fold jáde ní 2019. Ohun tó ń tànmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ oníkábọ́ọ̀nù, irú èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Àmọ́ sílíkọ́ọ̀nù ni transístọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì jẹ́, wọ́n kàn wá ọ̀rá pàtàkì kan tó lè fara da ooru ni. Ẹ sì mọ iye tí wọ́n tà á nígbà náà.

Kí wá ni oníkábọ́ọ̀nù? Organic ni àwọn onímọ̀ ń pè é, kò sì kan ajílẹ̀ tàbí oúnjẹ tí a kò fi kẹ́míkà gbìn. Ohun tí kábọ́ọ̀nù bá jẹ́ egungun rẹ̀ ni. Epo pupa jẹ́ oníkábọ́ọ̀nù, ṣúgà bẹ́ẹ̀, ọ̀rá bẹ́ẹ̀, ara tiwa náà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ adíná. Ní 1977, Alan Heeger, Alan MacDiarmid àti Hideki Shirakawa fi hàn pé ọ̀rá kan wà tó jẹ́ pé, bí a bá fi èéfín áyódínì kàn án, iná tó ń gba inú rẹ̀ á di ìlọ́po tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Áyódínì náà ni èyí tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀ wa. Ẹ̀bùn Nobel tiwọn dé ní ọdún 2000.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Japan kan ní ilé iṣẹ́ Mitsubishi fi irú nǹkan oníkábọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ṣe agbaná-lábọ̀ transístọ̀ ní 1986. Kò yára rárá. Hóró iná inú sílíkọ́ọ̀nù olówó iyebíye ń rìn lójú ọ̀nà ọ̀dà tó tẹ́jú. Inú oníkábọ́ọ̀nù, ojú ọ̀nà jẹ́ kòtò àti gegele, hóró iná ń fò láti ara mólékù kan bọ́ sára èkejì. Lónìí, àwọn tó dára nínú wọn ti dọ́gba pẹ̀lú sílíkọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn gíláàsì tẹlifíṣọ̀n, àwọn mìíràn tilẹ̀ ta á yọ. Ti inú fóònù ṣì fi ọ̀pọ̀ ìlọ́po yára jù wọ́n lọ. Ẹ má retí pé kí wọ́n bá ara wọn sá eré ìje.

Ìdí tí ọkàn àwọn onímọ̀ fi fà sí ohun tó ń fà báyìí kò ju ẹyọ kan lọ: ó ń yọ́ nínú omi kẹ́míkà, ó ń di íńkì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yọ́ láti ilẹ̀ wá. Ọ̀kan tó ń jẹ́ pentacene kì í fẹ́ yọ́ rárá, àfi ìgbà tí John Anthony ní yunifásítì Kentucky so apá méjì mọ́ mólékù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Apá wọ̀nyí jẹ́ kó yọ́ sínú omi, wọ́n sì tún ń jẹ́ kí àwọn mólékù náà tò dáadáa bí íńkì bá gbẹ. Ohun tó bá ti di íńkì, a lè tẹ̀ ẹ́. Francis Garnier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé ti fi ọgbọ́n ìtẹ̀wé ṣe odindi transístọ̀ kan ní 1994, láìlo sílíkọ́ọ̀nù kankan. Ní 2000, Henning Sirringhaus àti àwọn ará Cambridge lo irú ẹ̀rọ tó ń tu íńkì jáde ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ìbátan èyí tó wà lábẹ́ tábìlì àwọn oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyí. Ẹ wá ọ̀rá tó mọ́, tó dán, tó sì mú ojú dọ́gba. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á fi íńkì fàdákà fa ìlà méjì tó súnmọ́ ara wọn lé e: ẹnu ìwọlé àti ẹnu ìjáde. Íńkì yìí jẹ́ omi tó ní hóró fàdákà tó kéré kọjá rírí. Hóró fàdákà tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra nínú ooru bíi 120 tàbí 150 péré, bẹ́ẹ̀ fàdákà gidi kì í yọ́ títí di 962. Ọ̀rá tó dára lè fara da ìyẹn.

Àwọn tó ń tẹ orúkọ òkú àti ti ìyàwó sára tí-ṣẹ́ẹ̀tì ní Ìkirè tàbí Òṣogbo mọ ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe ìpele àkọ́kọ́ yìí. Aṣọ asẹ́ tí wọ́n nà mọ́ férémù, tí wọ́n dí ojú rẹ̀ níbi tí íńkì kò gbọdọ̀ gbà, tí wọ́n sì fi rọ́bà pẹlẹbẹ fa íńkì kọjá lórí rẹ̀: wọ́n ń lo ohun kan náà ní ilé ìwádìí. Ìlà tí asẹ́ lè tẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà tàbí ìdajì rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tu ẹ̀kán íńkì lè tẹ èyí tó tún tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀.

Agbaná-lábọ̀ ló kàn. Ẹ̀kán íńkì rẹ̀ bọ́ sáàárín ìlà méjèèjì, ó ń gbẹ. Wàhálà kan wà níbí tí ẹ̀yin náà mọ̀ láìmọ̀. Bí tíì bá kán sórí tábìlì tó sì gbẹ, etí rẹ̀ ló máa ń dúdú, àárín á funfun. Etí ló tètè ń gbẹ, omi àárín á wá máa ṣàn lọ síbẹ̀, á sì máa gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Íńkì agbaná-lábọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àárín tí a sì nílò á di òfìfo. Oríṣi omi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀ láti fi dí i lọ́wọ́: ọ̀kan tó tètè ń gbẹ àti ọ̀kan tí kò tètè gbẹ, kí wọ́n máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi tẹ́.

Lẹ́yìn náà ni adíná, lẹ́yìn adíná ni adarí, tí íńkì fàdákà tún ṣe. Òfin kan ló wà fún gbogbo ìpele: omi íńkì tuntun kò gbọdọ̀ yọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fẹ́ràn adíná kan tó jẹ́ ìbátan ohun dúdú tí wọ́n fi ń kun páànù kí ẹyin má lẹ̀ mọ́ ọn. Omi tó ń yọ ọ́ kì í yọ nǹkan mìíràn.

Transístọ̀ ti parí. Wọ́n so iná mọ́ ọn, ó sì béèrè fóòtì 40, nígbà mìíràn 60. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti há fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni ẹnìkan fẹ́ fi transístọ̀ tó ṣeé ká ṣe bó bá jẹ́ bátìrì ọkọ̀ mẹ́rin ló máa gbé e dání? Ẹ ò sì ní fẹ́ kí wọ́n lẹ fóòtì 60 mọ́ ọ yín lára nílé ìwòsàn.

Ẹ padà sí oríta. Bí yẹ́lò fífà bá dúró sétí ọ̀nà, ìka lásán tó láti fi pe awakọ̀. Bí ẹ bá ní kó lọ dúró sí òkè kan lọ́nà jíjìn, yóò nílò àsíá ńlá, yóò sì ju apá méjèèjì títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Adíná ló pinnu bí adarí ṣe jìnnà sójú ọ̀nà tó. Adíná tí wọ́n tẹ̀ sábà máa ń nípọn tó máíkírọ́ọ̀nù kan tàbí ìdajì rẹ̀. Máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Lójú tiwa, kékeré ni. Lójú hóró iná, ọ̀nà jíjìn ni. Bí a bá dín ìnípọn adíná kù sí ìdajì, hóró iná kan náà á kóra jọ pẹ̀lú ìdajì fóòtì. Bí a bá dín in kù sí ìdá ọgọ́rùn-ún, fóòtì tó nílò á wálẹ̀ lọ́nà kan náà.

Nígbà náà, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó tín-ín-rín, ṣé ó tán? Kò tán. Íńkì tí a tẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń ní ihò. Ihò kan ṣoṣo tó so adarí pọ̀ mọ́ ojú ọ̀nà ti ba transístọ̀ náà jẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ìpele tí kò níyì lójú ni adíná: kì í tàn, kì í gbé iná, kò ní àwọ̀. Síbẹ̀, èmi ò rí ìpele mìíràn tó gba ọgbọ́n tó o.

Hagen Klauk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stuttgart, ní Jámánì, gba ọ̀nà kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n fi alumíníọ́mù ṣe adarí. Ìkòkò alumíníọ́mù inú ilé ìdáná yín ní awọ fẹ́lẹ́ kan tí afẹ́fẹ́ dá sí i lára, òun ni kì í jẹ́ kó dógùn-ún bí irin. Awọ yìí jẹ́ adíná. Wọ́n mú kó nípọn díẹ̀ sí i, wọ́n wá rì í sínú omi tó ní mólékù kan tí ìdí rẹ̀ fẹ́ràn awọ náà. Àwọn mólékù yìí dìde dúró fúnra wọn, wọ́n tò pẹ́kípẹ́kí, ìpele kan péré, wọ́n sì dí àlàfo tó ṣẹ́ kù. Gbogbo ìnípọn adíná náà kò tó nánómítà mẹ́fà. Mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan. Ní 2007, wọ́n fi hàn pé àkópọ̀ transístọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ lórí fóòtì 1.5 sí 3. Bátìrì rìmóòtù nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títẹ̀ ni wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn ìpele kan jẹ́ èéfín irin àti ti mólékù tí wọ́n jẹ́ kó bà lé e nínú àpótí tí kò sí afẹ́fẹ́.

Daniel Frisbie àti àwọn ará Minnesota gba ọ̀nà mìíràn ní 2008, èyí tó ṣeé tẹ̀. Adíná tiwọn jẹ́ ohun bọ̀rọ̀gìdì kan tó kún fún áyọ́ọ̀nù, ìyẹn hóró tó ru iná tó sì lè rìn. Bí adarí bá gba fóòtì, àwọn áyọ́ọ̀nù á rìn lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbaná-lábọ̀. Ó wá dà bíi pé yẹ́lò fífà ṣì dúró lókè jíjìn, àmọ́ ó ti rán àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ sétí ọ̀nà, àwọn ni wọ́n ń fi ìka pe awakọ̀. Ìnípọn adíná kò já mọ́ nǹkan mọ́, asẹ́ lásán lè tẹ̀ ẹ́, kò sì tó fóòtì 3. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìrìn làwọn áyọ́ọ̀nù ń rìn. Wọ́n lọ́ra.

Ọ̀nà kẹta ni pé kí a tún ojú ọ̀nà ṣe. Bí kòtò bá pọ̀ létí agbaná-lábọ̀, hóró iná tí adarí kọ́kọ́ pè yóò há sínú kòtò, fóòtì tó pè wọ́n ti ṣòfò. Ní 2019, Chen Jiang, Arokia Nathan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Cambridge fi ẹ̀rọ ẹ̀kán íńkì tẹ transístọ̀ tí kòtò rẹ̀ kéré gan-an, débi pé iná tó ń jẹ kò tó nǹkan. Wọ́n lò ó láti ka iná kékeré tó ń jáde lára ènìyàn bí ẹyinjú bá ṣe ń yí.

Ọ̀rọ̀ kíká ńkọ́? Ìnípọn náà ló ń pinnu rẹ̀. Bí a bá ká ọ̀rá, ojú òde ń nà, ojú inú ń sún kì. Ọ̀rá tó nípọn tó bébà, bíi máíkírọ́ọ̀nù 100, tí a bá ká mọ́ igi tó fẹ̀ ní mìlímítà mẹ́wàá, ojú òde rẹ̀ á nà ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀rá bá tín-ín-rín sí i, nínà náà á dín kù. Ọgbọ́n kan tún wà: kí a fi ọ̀rá mìíràn tó nípọn bákan náà bo transístọ̀ náà lórí, kí ó bọ́ sí àárín gbùngbùn, níbi tí kò ti nà tí kò ti sún kì. Ní Tokyo, ní 2013, ẹgbẹ́ Takao Someya ṣe ohun ẹ̀rọ oníkábọ́ọ̀nù tí gbogbo ìnípọn rẹ̀ jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù méjì. Mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀ wọn gíráàmù mẹ́ta. Ẹ lè rún un mọ́ ọwọ́, kó sì tún ṣiṣẹ́.

Nílé wa ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soboyejo, ọmọ Yorùbá tó ti kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Princeton, ló jẹ́ ààrẹ yunifásítì AUST ní Àbújá láti 2012 sí 2014. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú wọn, ṣiṣẹ́ lórí panẹ́ẹ̀lì oòrùn àti iná oníkábọ́ọ̀nù tó ṣeé ká. Ìbátan transístọ̀ ni méjèèjì, ìpele lórí ìpele ni àwọn náà. Ìbéèrè tí wọ́n mú ni pé, báwo ni ìpele kan ṣe lẹ̀ mọ́ èkejì tó, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ bí eruku bá há sáàárín wọn? Ẹni tó bá ti gba ọyẹ́ kọjá rí mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni. Hóró eruku tó jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù mẹ́fà fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún nípọn ju adíná Klauk lọ. Ibi tó bá bà sí, ìpele òkè á gbé sókè yí i ká, àlàfo á wà níbẹ̀. Iye ipá tí a fi tẹ̀ wọ́n mọ́ra ló ń sọ bí àlàfo náà ṣe máa kéré tó.

Ní Cape Town, ilé iṣẹ́ PST Sensors, tó jáde láti ara yunifásítì ìlú náà, ti fi íńkì tẹ ohun tó ń wọn ooru. Lẹ́bú sílíkọ́ọ̀nù ló wà nínú íńkì tiwọn, kì í ṣe oníkábọ́ọ̀nù, àmọ́ asẹ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Mo mẹ́nu bà wọ́n kí ẹ lè mọ̀ pé iṣẹ́ títẹ̀ yìí ti ń di ọjà ní Áfíríkà.

Ní tèmi, mi ò rò pé irú transístọ̀ yìí máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ti inú fóònù. Iṣẹ́ tó bá gba pẹ̀lẹ́, tó tẹ́ rẹrẹ, tí kò sì gbọdọ̀ wọ́n, ni tirẹ̀. Ẹ wo àpò kòkó. Kòkó tí a sá dáadáa kì í ní ju bíi ìdá méje omi nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bó bá kọjá mẹ́jọ, funfun á mú un. Àlẹ̀mọ́ ọ̀rá kan tí a tẹ̀, tó ní ohun tó ń mọ ọ̀rinrin, transístọ̀ ìwọ̀nba àti bátìrì fóòtì 3, lè wà nínú àpò náà láti Gbọ̀ngán dé èbúté Èkó, kó máa wo ọ̀rinrin lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí. Wákàtí kan gùn tó fún transístọ̀ tó lọ́ra jù lọ láyé. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ nínú àpò kankan o. Mo ń sọ ohun tí fóòtì kékeré yìí sọ di ohun tó ṣeé ṣe.

Ohun tó ṣì ń dí i lọ́wọ́ ni ọ̀rinrin kan náà tó fẹ́ wọ̀n. Omi inú afẹ́fẹ́ àti ọ́síjìn ń wọ inú agbaná-lábọ̀ oníkábọ́ọ̀nù, wọ́n ń gbẹ́ kòtò tuntun sí i, fóòtì tó ń béèrè á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ọ̀rá lásán kò lè dí wọn, torí omi ń rọra la ọ̀rá kọjá. Ọ̀rá abò tó lè dí wọn wà, iye rẹ̀ sì lè ju ti transístọ̀ tó bò lọ. Ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ fún oṣù bíi mẹ́jọ, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Bí ọ̀dọ́ kan bá wà nílé yín tó fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ yìí, kí ó bẹ̀rẹ̀ lára ìpele àkọ́kọ́. Kí ó wá íńkì tó ń gba iná, ti kábọ́ọ̀nù kò wọ́n tó ti fàdákà, kí ó yá asẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń tẹ tí-ṣẹ́ẹ̀tì, kí ó tẹ ìlà sórí ọ̀rá, kí ó fi mítà oníná wọn bí iná ṣe ń gba inú rẹ̀ tó, kí ó sì ká a kí ó tún un wọ̀n. Bó bá di ti agbaná-lábọ̀ àti adíná, ilé ìwádìí tó mọ́ ló kù. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Gbọ̀ngán, àwọn onímọ̀ físíìsì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ́ ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì tí wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n. Kí ó mú ọ̀rá tó ti tẹ̀ dání lọ bá wọn.